Bí a ṣe ń fi àwọ̀n Petri ka àkókò nínú ọ̀nà ìfiránṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì: NF-κB ni àpẹẹrẹ wa

Ẹ ṣí ìwé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí nípa sẹ́ẹ̀lì, ẹ ó bá àwòrán ọ̀nà ìfiránṣẹ́ níbẹ̀: purotéènì kan na ọfà sí èkejì, èkejì na ọfà sí ẹ̀kẹta, títí iṣẹ́ fi dé ọ̀dọ̀ DNA. Àwòrán náà sọ ta ló rán ta. Kò sọ ìgbà tí iṣẹ́ dé, kò sì sọ bó ti pẹ́ tó lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àkókò yẹn gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ń wò kó tó pinnu. Ní 2002, Hoffmann, Levchenko àti àwọn akẹgbẹ́ wọn fi hàn pé bí TNF, purotéènì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ń tú jáde, bá kan sẹ́ẹ̀lì fún ìṣẹ́jú 5 péré, NF-κB, purotéènì tó ń tan jíìnì, á jí, á sì wà lójúfò fún nǹkan bíi wákàtí kan. Jíìnì tó ń jẹ́ IP-10 dáhùn sí ìyẹn. RANTES, jíìnì mìíràn, kò dáhùn, àfi ìgbà tí TNF pẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni, àkókò ló yàtọ̀.

Mo fẹ́ fi hàn yín bí ẹ ṣe lè fi àwọ̀n Petri, ìyẹn àwòrán róbótó àti onígun mẹ́rin tí ọfà so pọ̀, kọ́ àwòṣe kékeré kan tó ń ka àkókò yìí. Pépà, pẹ́ńsùlù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán ti tó. Sọ́fítíwíà Snoopy, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì BTU ní Cottbus ní Jámánì, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Inú mi dùn sí irú iṣẹ́ yìí nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní maikirosíkóòpù olówó gọbọi lè ṣe é dáadáa, kó sì béèrè ìbéèrè tí àwọn tó ní in kò tíì rò.

Ohun mẹ́rin tó wà nínú àwọ̀n

Carl Adam Petri, ọmọ Jámánì, ló gbé àwọ̀n yìí kalẹ̀ nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1962. Ọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ló ń bá yí, kì í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì. Ọdún 1993 ni Reddy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣàlàyé bí kẹ́míkà ṣe ń yí padà nínú ara ohun abẹ̀mí.

Ohun àkọ́kọ́ ni ibùdó, tí a ń yà ní róbótó. Ibùdó kan dúró fún purotéènì kan nínú ipò kan. Ìkejì ni ìṣẹ̀lẹ̀, tí a ń yà ní onígun mẹ́rin: ohun tó ń yí purotéènì láti ipò kan sí òmíràn. Ìkẹta ni ọfà tó so wọ́n pọ̀. Ìkẹrin ni ohun tí a ń kó sínú ibùdó, mo sì máa pè é ní ọmọ ayò, torí pé bí ọmọ ayò ṣe ń jókòó sójú ọpọ́n ló ṣe rí. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá: nínú ayò, ẹ ó kó gbogbo ọmọ tó wà lójú kan, níbí, iye tí ọfà bá kọ nìkan ni ìṣẹ̀lẹ̀ lè mú. Bí gbogbo ibùdó tó wọnú ìṣẹ̀lẹ̀ kan bá ní iye ọmọ ayò tó yẹ, ìṣẹ̀lẹ̀ náà lè wáyé. Bó bá wáyé, á mú ọmọ ayò nínú àwọn ibùdó tó wọnú rẹ̀, á sì sọ òmíràn sínú àwọn ibùdó tí ọfà rẹ̀ kọjú sí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ìbéèrè kan ṣoṣo

Ìbéèrè tiwa nìyí: bí TNF bá kan sẹ́ẹ̀lì fún ìṣẹ́jú 5, báwo ni NF-κB ṣe máa pẹ́ tó nínú nucleus, ìyẹ̀wù tí DNA ń gbé? Gbogbo ohun tí kò ran ìbéèrè yìí lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ purotéènì ló wà láàárín TNF àti IKK, ẹ́ńsáìmù tí TNF ń jí; a ó fo gbogbo wọn.

Ìtàn ọ̀nà náà kò gùn. Ranjan Sen àti David Baltimore ló ṣàwárí NF-κB ní 1986. Nígbà tí ara bá balẹ̀, purotéènì kan tó ń jẹ́ IκBα á dì mọ́ NF-κB, kò ní jẹ́ kó ráyè dúró nínú nucleus. Bí àìsàn bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á tú TNF jáde. TNF á jí ẹ́ńsáìmù IKK. IKK á sàmì sí IκBα lára, sẹ́ẹ̀lì á sì bà á jẹ́. NF-κB tó ti dòmìnira á wọ nucleus, á tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì, jíìnì IκBα fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. IκBα tuntun á wá wọlé, á mú NF-κB, á sì fà á jáde. Ẹni tí NF-κB ránṣẹ́ pè ló wá dè é.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ àwọn ibùdó àti ìṣẹ̀lẹ̀ sórí pépà

Ibùdó mẹ́jọ ni mo lò: TNF; IKK-sùn; IKK-jí; Ìdìpọ̀, ìyẹn NF-κB àti IκBα tó so pọ̀; NF-òde; NF-inú, tó wà nínú nucleus; mRNA ti IκBα, ìyẹn ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì náà; àti IκB-tuntun. Ẹ fi ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan sínú IKK-sùn àti Ìdìpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù ṣófo.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́sàn-án ló so wọ́n:

t1: IKK-sùn di IKK-jí, bí TNF bá wà
t2: IKK-jí padà di IKK-sùn
t3: Ìdìpọ̀ tú di NF-òde, bí IKK-jí bá wà
t4: NF-òde di NF-inú
t5: mRNA jáde, bí NF-inú bá wà
t6: IκB-tuntun jáde, bí mRNA bá wà
t7: mRNA bàjẹ́
t8: NF-inú àti IκB-tuntun di Ìdìpọ̀, wọ́n sì jáde sí òde
t9: IκB-tuntun tí kò rí ẹni dì mọ́ bàjẹ́

Ẹ wo gbólóhùn "bí ó bá wà" tó hàn nínú t1, t3, t5 àti t6. IKK kì í tán nígbà tó bá sàmì sí IκBα. Ó kàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni. Oríṣi ọfà kan wà fún èyí, tó ń yẹ ibùdó wò láì mú ọmọ ayò kankan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọfà àyẹ̀wò. Snoopy ní in. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lò ó. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ya ọfà méjì, ọ̀kan mú ọmọ ayò, èkejì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí aago nínú àwọ̀n, ọ̀nà méjèèjì kò yàtọ̀. Tí aago bá ti wọ̀ ọ́, ìyàtọ̀ ńlá ló wà, a ó sì rí i ní ìgbésẹ̀ 5.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ egungun àwọ̀n wò kí ẹ tó kọ ìṣẹ́jú kankan

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú kọjá, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹ ya tábìlì kan: ibùdó ní ẹ̀gbẹ́, ìṣẹ̀lẹ̀ lókè. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ọmọ ayò tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi kún ibùdó náà tàbí tó yọ kúrò.

Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn ibùdó tí àpapọ̀ wọn kì í yí padà láéláé. Nínú àwọ̀n wa, méjì ló ṣe pàtàkì. IKK-sùn pẹ̀lú IKK-jí gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 nígbà gbogbo. Ìdìpọ̀, NF-òde àti NF-inú lápapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 pẹ̀lú, torí pé a kò kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kankan tó ń ṣẹ̀dá NF-κB tàbí tó ń bà á jẹ́. Bí tábìlì yín kò bá fún yín ní àpapọ̀ méjèèjì yìí, ọfà kan ti sọnù tàbí ó kọjú síbi tí kò yẹ. mRNA àti IκB-tuntun kò sí lábẹ́ àpapọ̀ kankan, bó sì ti yẹ nìyẹn, nítorí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe wọ́n, ó sì ń bà wọ́n jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wáyé tán, àwọ̀n á padà sí bó ti wà. t1 pẹ̀lú t2 jẹ́ ọ̀kan. t5 pẹ̀lú t7 jẹ́ òmíràn, t6 pẹ̀lú t9 náà. Èyí tó jẹ́ ọkàn àwòṣe wa ni t3, t4, t6 àti t8. Ṣé ẹ ṣàkíyèsí pé t5 kò sí nínú rẹ̀? A sì mọ̀ pé láìsí mRNA, t6 kò lè wáyé. Tábìlì kì í rí ọfà àyẹ̀wò, nítorí pé ọfà náà kì í yọ nǹkan, kì í sì í fi nǹkan kún un. Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ tọ ipa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè pé: ta ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí èyí tó wáyé? Sọ́fítíwíà Charlie, tó ń bá Snoopy rìn, á ṣe ìṣirò náà fún yín, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kò ní bá yín béèrè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pinnu ohun tí "dúró" túmọ̀ sí

Kí a ní t8 ń gba ìṣẹ́jú 15. Níbo ni ọmọ ayò wà fún ìṣẹ́jú 15 yẹn?

Ìdáhùn méjì tí onímọ̀ méjì mú wá ti wà láti 1974. Nínú ti Ramchandani, ìṣẹ̀lẹ̀ á mú ọmọ ayò lójú ẹsẹ̀, á fi í sápò, á sì tú u jáde nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Nínú ti Merlin, ọmọ ayò á jókòó sí ibùdó rẹ̀ títí aago yóò fi pé, ìṣẹ̀lẹ̀ á wá wáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn bá mú ọmọ ayò náà kí aago tó pé, aago ti àkọ́kọ́ á parẹ́.

Ẹ dán ti Ramchandani wò lórí àwọ̀n wa. IKK jí. t2, tó ń dá a padà sóorun, á mú un sápò lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí t3 bá yẹ IKK-jí wò, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. IKK jí lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó rí i. Bí ọ̀rọ̀ mRNA pẹ̀lú t7 ṣe máa rí náà nìyẹn. Ká tilẹ̀ wá ọgbọ́n sí ìyẹn, NF-inú á pòórá lórí gíráàfù ní kété tí t8 bá bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà nínú nucleus. Fún ìdí èyí, ti Merlin ni kí ẹ lò fún ọ̀nà ìfiránṣẹ́. Ti Ramchandani dára fún ilé iṣẹ́ ńlá tí ẹ̀rọ kan ti ń gbá ọjà kan mú títí yóò fi ṣe é tán. IKK kì í ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí NF-κB di ẹni tí a dè yàtọ̀ sí ìgbà tó jáde, ẹ pín t8 sí méjì, kí ẹ fi ibùdó tuntun sáàárín, kí ẹ pè é ní Ìdìpọ̀-inú. Ẹ má gbàgbé láti fi kún àpapọ̀ tí kì í yí padà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ìṣẹ́jú sí i, kí ẹ fi ọwọ́ rìn ín

Iye tí mo fẹ́ lò nìyí. Mo yàn wọ́n kí ìrìn náà lè rọrùn, ẹ ó sì yí wọn padà nígbà tó bá yá. t1: ìṣẹ́jú 3. t2: 30. t3: 10. t4: 5. t5: 15. t6: 15. t7: 40. t8: 15. t9: 20. A ó fi TNF sí i ní ìṣẹ́jú 0, a ó sì yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 5.

Ní ìṣẹ́jú 3, IKK jí.
Ní 5, a yọ TNF.
Ní 13, Ìdìpọ̀ tú, NF-òde yọ.
Ní 18, NF-κB wọ nucleus.
Ní 33, mRNA àkọ́kọ́ jáde, IKK sì padà sóorun.
Ní 48, IκB-tuntun dé.
Ní 63, NF-κB ti padà sínú Ìdìpọ̀, a ti lé e jáde.

IKK ti sùn, TNF kò sí mọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa tú Ìdìpọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. NF-κB lo ìṣẹ́jú 45 nínú nucleus. Ẹ wò ó dáadáa: TNF ìṣẹ́jú 5 ló bí iṣẹ́ ìṣẹ́jú 45. Ká ní ìṣẹ́jú 10 la fi TNF síbẹ̀, ìdáhùn kò ní yí padà rárá. Gígùn rẹ̀ ti inú àyípo NF-κB àti IκBα wá, kì í ṣe ti TNF, ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú yàrá ìwádìí sì jọ èyí. Bí TNF bá wà títí, t1 á tún jí IKK, Ìdìpọ̀ á tún tú, ìgbì kejì á sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ọfà àyẹ̀wò. Ká ní ẹ fi ọfà méjì ya t3, tó ń mú IKK-jí, tó sì ń dá a padà. Ní ìṣẹ́jú 13, nígbà tí t3 wáyé, ọmọ ayò inú IKK-jí á di tuntun, aago t2 á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Dípò kí IKK sùn ní 33, ó di 43. Ti mRNA burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo ìṣẹ́jú 15 ni t6 á máa sọ ọ́ di tuntun, aago ìṣẹ́jú 40 ti t7 kò sì ní pé láéláé. mRNA tí kì í kú! Ẹ̀yin kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọfà ló kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá ibi tí ìdíje wà

Ibikíbi tí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì bá ti ń du ọmọ ayò kan, tàbí tí ọ̀kan ń bà á jẹ́ nígbà tí èkejì nílò rẹ̀, ìdíje ló wà níbẹ̀. t8 àti t9 ń du IκB-tuntun. t7 lè gba mRNA mọ́ t6 lọ́wọ́. Pẹ̀lú iye tí mo kọ sókè, t8 ló ń borí t9, torí 15 kéré sí 20. Á máa borí ní gbogbo ìgbà, láìyẹ̀. Ẹ yí t7 sí 10 kí ẹ rí i: mRNA á kú kí t6 tó pé, IκBα kò ní dé, NF-κB á sì jókòó sínú nucleus títí ayé. Sẹ́ẹ̀lì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì, mRNA kan á kú láìbímọ, òmíràn á bí púpọ̀ kó tó lọ.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ fún ìṣẹ̀lẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù, bí àpẹẹrẹ láti 10 sí 20. Sọ́fítíwíà TINA, tí wọ́n ṣe ní LAAS ní Toulouse, lè yẹ gbogbo ọ̀nà tó ṣeé ṣe wò fún yín, kó sì sọ bóyá ipò kan lè ṣẹlẹ̀ tàbí kò lè ṣẹlẹ̀ rárá. Ó wúlò gan-an fún ìbéèrè bíi: ǹjẹ́ NF-κB lè há sínú nucleus? Kò sọ èyí tó wọ́pọ̀ jù. Fún ìyẹn, ìgbésẹ̀ tó kàn ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi èèṣì sínú aago

Ẹ yí àwọ̀n padà sí oríṣi tí Snoopy ń pè ní stochastic, níbi tí èèṣì ti ń pinnu ìgbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa wáyé, tó sì ń lo ìlànà tí onímọ̀ Gillespie tẹ̀ jáde ní 1977. Dípò ìṣẹ́jú, ẹ ó kọ ìyára. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń gba ìṣẹ́jú 15 ní ìpíndọ́gba ní ìyára 1/15, ìyẹn nǹkan bíi 0.067 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ó sì fi iye ọmọ ayò sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ má lo ọmọ ayò 1 mọ́. Ẹ fi 50 sínú Ìdìpọ̀.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ ṣọ́ níbí.

Èkíní, bí ẹ bá sọ ọmọ ayò di ìlọ́po méjì, ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń wo ibùdó méjì, bíi t3 àti t8, á yára ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ pín ìyára rẹ̀ sí méjì kó lè bá àwọn yòókù dọ́gba.

Èkejì, ìyára kan ṣoṣo kò mọ̀ pé iṣẹ́ gùn. Nínú irú aago yìí, àsìkò tó ṣeé ṣe jù fún ìṣẹ̀lẹ̀ ni kíákíá, bí ẹni pé mRNA lè jáde ní kété tí NF-κB wọlé. Ẹ fi ìpele rọ́pò rẹ̀: ẹ pín ìṣẹ́jú 15 sí ìpele 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 3. Ìpíndọ́gba ṣì jẹ́ 15, ṣùgbọ́n ìtànká tó jẹ́ 15 tẹ́lẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 6.7. Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni kó máa yẹ NF-inú wò. Èyí tún jẹ́ kí mRNA kan lè bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó parí, bó ti rí nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an.

Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù. Jíìnì IκBα kò gùn, ó lé díẹ̀ ní lẹ́tà 3,000, ẹ̀rọ tó ń da DNA kọ sì ń ka nǹkan bíi 2,000 sí 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. Purotéènì rẹ̀ jẹ́ amino acid 317, ribosome, ẹ̀rọ tó ń to purotéènì, sì ń to nǹkan bíi 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Níbo wá ni ìṣẹ́jú 15 wa ti wá? Láti inú ìdúró kí IκBα tó *pọ̀ tó* láti de gbogbo NF-κB ni. Nígbà tí ọmọ ayò jẹ́ 1, ìkójọ yẹn fara pamọ́ sínú aago. Nígbà tó di 50, àwọ̀n fúnra rẹ̀ ló ń kó o jọ. Bí ẹ bá fi 15 sílẹ̀ bó ti wà, ẹ ti ka ìdúró kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dín àpapọ̀ ìpele t5 kù, kí ẹ sì dín t6 náà kù.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a rí nínú sẹ́ẹ̀lì

Ẹ wo IκBα kọ́kọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí TNF kàn, ó sábà máa ń lọ tán láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, á sì padà láàárín wákàtí kan. Bí ti yín bá pẹ́ jù láti lọ, t3 ni kí ẹ tún ṣe. Bó bá pẹ́ jù láti padà, ẹ wo t5 àti t6.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi TNF sílẹ̀ títí, kí ẹ mú àwòṣe ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8. Ní 2004, Nelson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi maikirosíkóòpù wo sẹ́ẹ̀lì alààyè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí NF-κB tó ń wọlé tó ń jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 100 sí 100. Ẹ wo ìrìn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ mú àwòṣe ṣiṣẹ́, lọ́tọ̀, ẹ má kàn wo ìpíndọ́gba. Bí ẹ bá da ìrìn 200 pọ̀, ìgbì kejì àti ìkẹta á fẹ́ẹ̀ parẹ́, nítorí pé ìgbà tí ọ̀kan ń gòkè ni òmíràn ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbì náà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn síbẹ̀.

Bí ìgbì kejì ti yín bá ga tó ti àkọ́kọ́, A20 ló kù. Purotéènì mìíràn tí NF-κB ń tan jíìnì rẹ̀ ni, ó sì ń pa IKK lẹ́nu mọ́. Ẹ fi ibùdó rẹ̀ kún un pẹ̀lú ìpele tirẹ̀. Ẹ má lo ọfà ìdènà, èyí tó ń ti ilẹ̀kùn pátápátá ní kété tí ọmọ ayò kan bá yọjú. Ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun tó ń dá IKK-jí padà sí IKK-sùn, tó sì ń yẹ A20 wò, kí ìdènà náà lè máa le sí i bí A20 ṣe ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3, kí ẹ ṣe tábìlì náà látìbẹ̀rẹ̀.